Ọkọ̀ Gígùn Tí Màámi Kò Fẹ́ Wọ̀

Ọkọ̀ bàbá mi gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí rẹ̀ fi máa ń yọ sí ojú títì nígbà tí imú rẹ̀ bá ti kan ògiri ilé ìdáná wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Sitéṣọ̀n wágọ́ọ̀nù ni, ọkọ̀ Amẹ́ríkà, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ tẹ́ lọ gbọọrọ láti iwájú títí dé ìdí. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ wa ni bàbá mi ti rà á nígbà tí ọkùnrin náà ń padà sí ìlú rẹ̀. Wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni pé pákó ni wọ́n fi kàn án. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé pákó ni lóòótọ́, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ikán ti débẹ̀.

Ẹ̀yìn pátápátá ni ìjókòó àwa ọmọdé wà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí àwọn àgbà. Ibi tí a ti ń bọ̀ la máa ń wò, kì í ṣe ibi tí à ń lọ. Bí awakọ̀ kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa, a óò máa yọ ahọ́n sí i láti Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Ṣàgámù, kò sì ní í rí wa nà. Mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú lẹ́yìn ìgbà náà, kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Màámi náà máa ń wà á. Obìnrin kúkurú ni wọ́n, tìmùtìmù ni wọ́n máa ń tò sábẹ́ ìdí kí wọ́n tó lè rí ojú ọ̀nà, ẹni tó bá sì dúró lẹ́bàá títì kì í rí ju gèlè wọn lọ. Àwọn ará àdúgbò a máa sọ pé gèlè kan ń wa ọkọ̀ bọ̀. Tíṣà ni wọ́n. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ló mọ ohùn fèrè ọkọ̀ náà, ẹni tí kò bá tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ a sì tètè yà sínú igbó.

Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ nípa ikú bàbá mi kò gùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àyà dùn wọ́n. Màámi mú wọn jókòó sí iwájú ọkọ̀, àwọn fúnra wọn bọ́ sídìí ọwọ́ ọkọ̀, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kò jẹ́. Wọ́n yí i títí, kò jẹ́. Nígbà tí aládùúgbò kan fi máa gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá, tí wọ́n fi máa dé ọsibítù ní Ṣàgámù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. Ìtàn yìí ni mo bá nílé, òun náà ni a sọ fún gbogbo ẹni tó wá bá wa dárò.

Láti ọjọ́ náà, Màámi kò wọ ọkọ̀ náà mọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú oníirin àlòkù wá láti wá wọ̀n ọ́n, Màámi lé ẹ̀gbọ́n, wọ́n lé oníirin. Ọkọ̀ náà wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, táyà rẹ̀ rọ̀, èso ń jábọ́ lé e lórí lọ́dọọdún. Èmi ka ọ̀rọ̀ náà sí ìbínú. Mo ní Màámi ń bá ọkọ̀ ṣọ̀tá ni, pé wọ́n fẹ́ kó jókòó síbẹ̀ lójú wọn kó máa jìyà ohun tó ṣe. Ẹni tó bá mọ Màámi ní kíláàsì kò ní bá mi jiyàn, nítorí wọn kì í gbàgbé ọmọ tó bá pẹ́ dé.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo sì padà sílé wá bá wọn gbé, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ara wọn sì le. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbálẹ̀ àgbàlá, tí wọn á gbálẹ̀ yí ọkọ̀ náà ká, tí wọn kò ní fi ọwọ́ kàn án. Ìyẹn ló ń dùn mí. Mo wá pinnu pé màá tún un ṣe, kí Màámi lè jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n dárí jì í, kí ọ̀rọ̀ náà tán láàárín àwọn méjèèjì kí ọlọ́jọ́ tó dé. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, lórí oúnjẹ.

Màámi gé ẹ̀bà wọn, wọ́n gbé e mì. "Tún un ṣe bó bá wù ẹ́," ni wọ́n wí. "Irin kì í kọ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n má wá pè mí pé kí n wọ̀ ọ́."

Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré ni pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gba Ṣàgámù lọ, mo wá mẹkáníìkì.

Ẹni tí mo rí jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó gbọ́n lójú ara rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Alájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé Ìlọrin ni òun tíì lọ jìnnà jù. Ó ní kò sí ẹ́ńjìnnì tí Ọlọ́run dá tí òun kò lè tú. Mo ní ènìyàn ló ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn. Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wa, adìyẹ kan ti yé sí ibi tó yẹ kí bátìrì wà, ó sì sàba lé e. Alájì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní a óò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ọlọ́mọ bá jáde.

Iṣẹ́ náà pẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan. Ẹ̀sìn ló fà á. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alájì a máa lọ kírun, nígbà tó bá fi máa dé, oòrùn ti ń rọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi tèmi, tí í ṣe Sátidé, sì fẹ́ wọlé. Ilé wa kò gba kí wọ́n lu irin lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, títí oòrùn Sátidé náà yóò fi wọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni panẹ́ẹ̀lì bítà tó ń na ara ọkọ̀, inú ẹgbẹ́ akọrin ló wà. Ọjọ́ Ajé ni Alájì fi máa ń wo ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ wa, àfi kó rò pé ọkọ̀ náà ló ń sin Ọlọ́run jù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alájì ṣí ìdí ẹ́ńjìnnì láti da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Oòrùn ń wọ̀, Màámi yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ènìyàn yìí, Ọjọ́ Ìsinmi ti dé." Alájì sọ irinṣẹ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó bẹ̀rù Màámi ju èmi lọ. Lọ́jọ́ Àìkú ó padà wá, ó da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnnì, ó ń kọrin. Kò sí ẹni tó rántí pé ìdérí ìsàlẹ̀ ṣì wà nínú agolo tó kó nọ́ọ̀tì sí. A dúró ti ọkọ̀ náà, à ń wo bí gbogbo ọ́ìlì ṣe ń gba abẹ́ jáde lọ sídìí máńgòrò. Alájì ní, "Mọ́mì, ọrẹ ìsinmi nìyẹn o." Ọdún náà ni máńgòrò náà so jù.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà kò sí ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀. Àwọn tó ń ta á níbẹ̀ a máa gba irin náà lọ́wọ́ wa, wọ́n á yí i sọ́tùn-ún, wọ́n á yí i sósì, wọ́n á pe ara wọn wá wò ó. Páǹpù omi tó wà lára rẹ̀ lónìí, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, Alájì ló fi fáìlì rẹ́ ẹ títí tó fi wọlé. Awọ ìjókòó ni mo rán fúnra mi. Mo kọ́kọ́ yọ gbogbo rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, àyàfi ti iwájú tí Màámi ní kí n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní ó ti ya. Wọ́n ní kí n rán ojú ibi tó ya. Mo rán an. Inú mi ń dùn nígbà yẹn, kí n má purọ́. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, n kò tíì rí ohun tí mo kọ́ tó jí dìde bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ àgbàlá gbọ̀n, àwọn adìyẹ sá, èmi àti Alájì sì bọ ara wa lọ́wọ́ bí olóṣèlú.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bébà aláwọ̀ igi ti bó tán, a kò sì rí irú rẹ̀ rà. Alájì ní òun mọ káfíńtà kan ní Ibido, ní Ṣàgámù, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé kí ló dé tí a kò kúkú fi igi gidi sí i. Ó bá mi lára mu. Ohun tí Alájì kò sọ fún mi, tí èmi náà kò sì béèrè, ni ohun tí káfíńtà náà ń kàn.

Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́. Ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi iṣẹ́ ọnà tó rí bí ewé yí etí rẹ̀ ká, ó fi fánísì kùn ún léraléra títí ènìyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Láìjẹ́ pé a ní kó ṣe é, ó tún kan ìdìmú aláwọ̀ wúrà mélòó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé kí ni wọ́n wà fún, ó ní wọ́n máa ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn ni. Mo rò pé ti ẹrù ni. Ara ọkọ̀ tó kù, ọ̀dà funfun ni a ti kùn ún. Orí mi wú. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀, Alájì náà kò rí i, a ti sún mọ́ ọkọ̀ náà jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a gbé e kúrò ní Ibido, a ní ká fi wo bó ṣe ń sáré ní apá ìkóríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà ńlá ti pàdé. Ohun kan ń dún gbì gbì lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Alájì ní kí n máa wà á, òun yóò dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, kí òun fi etí lé ilẹ̀ ọkọ̀ kí òun lè gbọ́ ibi tó ti ń dún. A ti tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì tẹ́ aṣọ funfun kan kí fánísì tó lẹ̀ mọ́ ọn lára má bàa ba ibẹ̀ jẹ́. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja.

Bí mo ṣe dé ìkóríta, ọ̀nà là fún mi. Àwọn ọlọ́kadà dúró. Ọkùnrin kan ṣí fìlà. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni láyé, yà fún mi. Mo ń mi orí sí wọn, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní àwọn ènìyàn Ṣàgámù ṣì mọ ohun tó dára. Mo dúró níwájú obìnrin kan tó gbé búrẹ́dì lórí láti ra díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, Mọ́mì," ló wí. "Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn."

"Fún ta ni?" ni mo bi í.

Ibi tó ti ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ láti dá mi lóhùn ni Alájì ti dìde jókòó, tó ní, "Mọ́mì, àsẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ló ń dún." Obìnrin náà kò kígbe. Ó kàn sọ búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn, àwọn tó dúró nítòsí sì tẹ̀lé e láìbéèrè ìdí. Ó gba Alájì ní ìgbà díẹ̀ kó tó fi ìrun àti ìbúra dá wọn padà. Gbogbo búrẹ́dì náà ni mo rà. A jẹ búrẹ́dì nílé wa títí ó fi sú wa.

Nígbà tí mo gbé e wọ àgbàlá, Màámi ti géètì, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló kú?" Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, omi bọ́ lójú wọn. Inú mi dùn. Mo ní, ọ̀nà ti là nìyẹn, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún wọn. Ẹ̀rín náà kúrò lójú wọn. Wọ́n wo ìjókòó náà, wọ́n yí padà, wọ́n wọlé lọ, wọn kò sì jẹun alẹ́. Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ náà. Mo ní bí irin bá tilẹ̀ ṣẹ ènìyàn, ó yẹ kí ó lópin.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìdílé kan wá láti Ọ̀fin, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé a ní ọkọ̀ tó bójú mu, pé òkú bàbá àwọn kò ní kọ̀ ọ́. Mo fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn. Ọjọ́ kejì ni mo ní kí Alájì yọ gbogbo pákó náà kúrò. Bébà tí àwọn ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni a rí rà lọ́jà Ṣàgámù, aláwọ̀ igi, òun ni a fi sí i, a sì kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Káfíńtà gba ìdìmú rẹ̀ padà. Ó ní a kò mọ ohun tó dára.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá ọkọ̀ náà gbé láti ìgbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú mo máa ń tan án, mo máa ń jẹ́ kí ó mí. Mo fi aṣọ àtijọ́ nù ún, mo fi èékánná yọ ẹrùpẹ̀ etí fèrèsé rẹ̀, mo fi tapólì bò ó nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ. Ó ń mu epo bí ràkúnmí tí òǹgbẹ ń gbẹ, fún ìdí èyí kì í jáde lásán. Ní Ọjọ́ Ìsinmi mo máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọ wa a sì máa yí i ká, àwọn ọkùnrin tó ti hewú, wọ́n á máa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ṣí lọ́nà méjì, wọ́n á máa tì í. Màámi náà máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ kékeré pásítọ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀, pẹ̀lú ìyàwó pásítọ̀ àti àwọn ọmọ, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn wọn nínú ọkọ̀ tó lè gba ẹgbẹ́ akọrin, èmi nìkan. Mo ti gbà pé bó ṣe máa rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ Màámi ṣubú. Ará Ìpẹ̀rú ni wọ́n, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àwọn àti Màámi ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà nígbà èwe. Egungun ìdí wọn ló dá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní Ṣàgámù, ó sì yọrí sí rere. Ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé, dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ jókòó, wọ́n gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ ni. Àwọn ọmọ wọn ní káwọn gba ọkọ̀ ańbúláǹsì.

Ìyá yẹn ní rárá. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ, irú èyí tí àwọn ọmọ wa kò gbọ́ mọ́. "Ọkọ̀ tí ń ké wìyọ́wìyọ́ yẹn? Kí án gbé mi wọ Ìpẹ̀rú, kí gbogbo ọjà máa sunkún mi, kí n tún máa bá án sọ pé mi ò kú?"

Mo ní ọkọ̀ wa wà níta, pé ó gùn, ó tẹ́, kì í sì í ké. Mo ti tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sínú rẹ̀. Ìyá náà gbà, ojú wọn sì lọ sára Màámi, tí wọ́n bá takisí wá láti kí wọn. "Wo máa jókòó tì mí lẹ́yìn," ni wọ́n wí fún Màámi. "Bí wo ò bá wọ̀ ọ́, mi ò wọ̀ ọ́. Ibí ni màá wà."

"Ọ̀rẹ́ mi, takisí mi ń dúró," ni Màámi wí.

"Kó máa lọ. Ta ni ó di orí mi mú bí a bá bọ́ sí kòtò? Ṣé àwọn ọmọ wọ̀nyí ni?"

Àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé ìyá náà dé ẹnu ọkọ̀, oòrùn ń pa wọ́n lójú. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, màá bà á jẹ́. Màámi bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́ bí ẹni fẹ́ wọ pálọ̀ onípálọ̀. Wọ́n gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ lórí orúnkún, wọ́n jókòó, wọ́n gbé orí ọ̀rẹ́ wọn lé itan.

Mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Ìpẹ̀rú bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn ìyá méjèèjì kò kà mí sí. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní ilé ìwé ni wọ́n ń sọ, ẹni tó jí wọn ní ẹ̀wà jẹ, tó sì padà fẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá bọ́ sí kòtò, ọ̀rẹ́ Màámi á bú mi, Màámi á bá wọn bú mi. N kò rántí ọjọ́ tí inú mi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a gbé ìyá náà wọlé tán ní Ìpẹ̀rú, tí a sì kí wọn tán, mo jáde, mo ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún Màámi. Wọn kò wo ibẹ̀. Wọ́n gba iwájú lọ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fúnra wọn, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wa ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti wo ojú wọn. Ọwọ́ wọn wà lórí ìjókòó náà, níbi tí mo ti rán ojú ibi tó ya.

A dé abẹ́ máńgòrò. Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa ọkọ̀, Màámi di ọwọ́ mi mú.

"Má tíì pa á," ni wọ́n wí.

Mo fi ọwọ́ mi sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí jẹ́ lọ́jọ́ náà," ni wọ́n wí. "Bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́ ló jẹ́. Mo ti ń wo ẹ̀yìn láti gbé e jáde. Mo wo bàbá rẹ, kí n ní kí wọ́n fara dà á, mo rí i pé wọ́n ti lọ. Ibi tí mo jókòó sí yìí. Wọ́n kàn fi orí ti ilẹ̀kùn. Ni mo bá pa ọkọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sáré lọ ṣe ní Ṣàgámù?"

Mo ní, "Kí ló wá dé, Màámi, tí ẹ fi ní kò jẹ́?"

"Bí mo bá ké, ilé á kún. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn á dé, ìjọ á dé, wọ́n á gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, n kò tún ní dá wà pẹ̀lú wọn mọ́ láyé. Mo ní kí n kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n díẹ̀. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí aládùúgbò yọjú, tó bi mí pé kí ni à ń ṣe nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé kò jẹ́." Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ìjókòó náà. "Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò rí i gbé padà mọ́. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn bá mọ̀ pé inú rẹ̀ ni wọ́n kú sí, ṣé wọn ìbá jẹ́ kí ọkọ̀ yìí sun ilé yìí? Mo purọ́ mọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Gbogbo ayé ń bú u, mo ń gbọ́, mo dákẹ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ̀ ọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màámi kò sunkún, ojú wọn balẹ̀. Wọ́n gbá mi lẹ́yìn ọwọ́, wọ́n ní ìdí rẹ̀ tí àwọn kò fi fẹ́ kí n yọ awọ ìjókòó iwájú nìyẹn, wọ́n sì ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mi kò burú. Ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, epo ń jó lọ, n kò sì pa á.

Aládùúgbò wa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí, ó fi orí yọ lókè ògiri. Ó béèrè bóyá nǹkan kan ti ń ṣe ọkọ̀ náà. Màámi ní rárá, nǹkan kan kò ṣe é, a kàn jókòó ni.